Ìgbà Ọ̀dá Owó Gan-an Ló Yẹ Kí Ìjọba Kọ́lé fún Mẹ̀kúnnù, Kó sì Tún Èyí Tó Wà Ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń ká mi lára látìgbà tí mo ti ń wo bí àwọn ìjọba káàkiri ayé ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀. Bí owó tó ń wọ àpò ìjọba bá ti dín kù, lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé nínú ètò ìṣúná ni owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé tó wà níta, àti owó tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé àtijọ́ ṣe kó má baà máa fi iná ṣòfò. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ṣeé gé láìsí ariwo, owó ilé ìwòsàn kò ṣeé gé láìsí ẹkún, ṣùgbọ́n ilé tí a kò tíì kọ́ kò ní ẹnu tí yóò fi fẹjọ́ sùn. Lójú tèmi, owó yìí ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí a ó gé nígbà ọ̀dá owó. Bó bá sì ṣeé ṣe, ṣe ló yẹ kí a fi kún un.

Ẹ wo ohun tí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé ń fi ojú iṣẹ́ ilé kíkọ́ rí. Ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ ló ń tètè mọ̀ ọ́n lára tó o. Bí báńkì bá ti há owó mọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ kọ́lé á dáwọ́ dúró, ẹni tó ti kọ́ ọ dé ìdajì á pa á tì, àwọn bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ńbà, àwọn tó ń fa wáyà iná àti àwọn tó ń kunlé á sì padà sílé. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọjà ilé dojú dé, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ já wálẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.7 ní ọdún 2006 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5 nígbà tí yóò fi di ọdún 2011. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 èèyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tó tún wá burú ni pé ọ̀pọ̀ irú wọn kì í padà mọ́. Àgbà káfíńtà tó bá ti lọ ń wa ọkọ̀ kiri kì í sábà padà sídìí ayùn, ọmọṣẹ́ tí ì bá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sì lọ wá iṣẹ́ mìíràn kọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá wá gbérí, tí gbogbo èèyàn fẹ́ kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á wọ́n, owó iṣẹ́ á fò sókè, ìjọba tó ní òun ń ṣọ́wó ná lánàá á sì wá san owó gọbọi lórí ilé tí ì bá kọ́ ní pọ́ọ́kú.

Ìdí nìyí tí owó tí ìjọba ná sórí ilé nígbà ọ̀dá owó fi yàtọ̀ sí èyí tó ná nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé, bí ìjọba bá gba ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ síṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti fà wọ́n wá. Nígbà ọ̀dá owó, ilé ni wọ́n wà tí wọ́n káwọ́ gbera. Ìjọba ń pàdánù owó orí tí ì bá gbà lọ́wọ́ wọn, bó bá sì jẹ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń san owó ìrànwọ́ fún aláìríṣẹ́, ó tún ń sanwó fún wọn láti jókòó. Apá kan owó tí a bá fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni a ti ń ná tẹ́lẹ̀, láìrí ilé kankan tọ́ka sí.

Nínú kíkọ́ ilé tuntun àti títún ti àtijọ́ ṣe, àtúnṣe ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí òun ló ń yá. Ilé tuntun nílò ilẹ̀, àwòrán, ìwé àṣẹ àti ìpìlẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an kí òṣìṣẹ́ púpọ̀ tó dé ibẹ̀. Ilé tó ti wà kò nílò èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyẹn. Bí irinṣẹ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá ti délẹ̀, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Níbi tí òtútù ti ń mú, ooru tí àwọn ará ilé fi owó gáàsì àti owó iná rà ń gba òrùlé, ògiri àti etí fèrèsé jáde. Níbi tí oòrùn ti ń mú, òrùlé kan náà ni ooru ń gbà wọlé, tí fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù á wá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti lé e. Ẹni tó ń sanwó iná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni èyí. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń yẹ ilé wò fi ń mọ ibi tí ilé ti ń jò. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n á ta aṣọ líle kan dí ẹnu ọ̀nà àbájáde, wọ́n á gbé fáànù ńlá sí àárín aṣọ náà, fáànù ọ̀hún á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta. Bí ó ti ń fà á, afẹ́fẹ́ ìta á máa fipá wọlé gba gbogbo ihò tó bá rí. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri, ẹ ó mọ atẹ́gùn lára. Ẹ gbé e sí ìdí páìpù tó gba ara ògiri kọjá, sí abẹ́ pákó tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká, sí etí ìlẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà gòkè àjà. Ihò tí kò gba ju ìka kan lọ níhìn-ín, làlà tí kò gba ju owó ẹyọ lọ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá ṣà wọ́n jọ nínú ilé àtijọ́, wọ́n lè fẹ̀ tó fèrèsé kan tí ẹnikẹ́ni kò tì látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

Iṣẹ́ tí a ó fi wò ó sàn kì í ṣe iṣẹ́ awo. Wọ́n á fi ohun ìdíhò dí làlà, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ etí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n á tẹ́ òwú tó nípọn, irú èyí tó ń dí ooru àti òtútù, sórí àjà, wọ́n á fi aṣọ tó ń pa ooru mọ́ wé páìpù àti táǹkì omi gbígbóná, wọ́n á sì yọ gílóòbù àtijọ́ kúrò fún irú èyí tí a ń pè ní LED, tí kì í jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́rin iná tí àtijọ́ ń jẹ lọ. Níbi tí oòrùn ti le, ọ̀dà funfun lórí òrùlé àti ibòòji lójú fèrèsé máa ń dín ooru inú ilé kù láìlo iná rárá. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè gbé òrùlé ìlú kan lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n bá wa tún un ṣe níbẹ̀. Àdúgbò tí ilé wà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ń dé. Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní níbí: ilé tí a bá dí gbọdọ̀ ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tuntun yóò máa gbà wọlé létòlétò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin á há sínú ilé, èbu á gba ara ògiri, ẹni tó ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ á sì wá burú sí i.

Nítorí ikọ́ fée yìí ni mo ṣe fẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè New Zealand. Àwọn onímọ̀ ìlera ní Yunifásítì Otago, tí Philippa Howden-Chapman ṣáájú wọn, kó nǹkan bí ìdílé 1,350 jọ ní àdúgbò méje tí owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀. Ilé wọn kò ní ohunkóhun tó ń dí òtútù, ẹnì kan ó kéré tán nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní àìsàn èémí. Wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín wọn. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ òwú sí ilé àwọn kan, wọ́n sì fi ti àwọn yòókù sílẹ̀ di ìgbà tí ìwádìí bá parí, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ilé tí a tún ṣe móoru díẹ̀ sí i, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì dín kù. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sọ pé èémí àwọn kì í sábà han bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ kì í pa ilé ìwé jẹ tó bíi ti àtẹ̀yìnwá, àwọn àgbà náà kì í sì í pa iṣẹ́ jẹ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé dé ní ọdún 2009, ìjọba wọn kò sọ pé kò sówó. Ṣe ni wọ́n gbé ètò ńlá kalẹ̀ tó ń ran onílé lọ́wọ́ láti tẹ́ òwú sí àjà àti abẹ́ ilé, wọ́n sì fi owó tó pọ̀ sí i ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Àwọn tó ṣírò èrè ètò náà lẹ́yìn náà rí i pé dọ́là kan tí a ná sórí òwú títẹ́ ń mú nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin fi ọkàn sí níbẹ̀ ni ibi tí dọ́là mẹ́rin yẹn ti wá. Díẹ̀ péré ló ti ara owó iná wá. Ìlera ló mú èyí tó pọ̀ jù lọ wá: àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn mọ́, àwọn tí òògùn wọn dín kù, àwọn arúgbó tí òtútù kò pa. Ẹni tí ń fara da òtútù tàbí ooru nítorí pé kò lówó iná, bí a bá tún ilé rẹ̀ ṣe, kì í kọ́kọ́ tọ́jú owó pamọ́. Ìtura tí kò rí rà tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà. Àwọn oníṣirò kan máa ń rí èyí, wọ́n á ní ètò náà kò mú owó iná wálẹ̀ tó bí a ti ṣèlérí, nítorí náà kó má ṣe wáyé mọ́. Inú mi kì í dùn sí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó sùn láìwúkọ́ lóru kò sí nínú ìwé owó iná ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ èrè ni, ìjọba tó ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn náà ló sì ń jẹ ẹ́.

Ibo ló wá yẹ kí irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè fi ń yáni gbé, ìdí tí mo sì fi sọ bẹ́ẹ̀ kọjá àánú. Ní ilé aládàáni, onílé ló ni ògiri, ayálégbé ló ń san owó iná. Onílé kò rí ìdí tí òun yóò fi náwó lórí ohun tí kò ní dín ìnáwó tirẹ̀ kù, ayálégbé kò sì lè máa tún òrùlé olórùlé ṣe nígbà tí wọ́n lè ní kó kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Báyìí ni ilé á ṣe máa jò, tí ọdún á sì máa gorí ọdún. Ilé ìjọba kò ní wàhálà yìí lọ́nà kan náà. Onílé kan ṣoṣo ló ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwòrán kan náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀kan ṣe, wọ́n á gba àdúgbò náà láti orí dé ìdí. Wọ́n lè fi ibẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, wọ́n lè ra ohun èlò lọ́pọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò náà á sì ní ìdí láti gba èèyàn sí i.

Ti ilé tuntun náà kò gbọdọ̀ kẹ́yìn pátápátá. Ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́síríà jẹ́ ẹ̀rí tó ti lé ní 100 ọdún báyìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, òṣì ta ìlú náà, owó wọn ti di yẹpẹrẹ, àwọn èèyàn há mọ́ inú yàrá tóóró, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ń pa wọ́n. Ní ọdún 1923, ìjọba ìlú náà, tí Hugo Breitner jẹ́ alábòójútó ìṣúná rẹ̀, gbé owó orí kan kalẹ̀ tí gbogbo ẹni tó ń gbé ilé ń san. Ẹni tó ń gbé ilé kékeré san táṣẹ́rẹ́, ẹni tó ń gbé ààfin san gọbọi. Owó yìí ni wọ́n fi kọ́ ilé tó lé ní 60,000 kí ó tó di ọdún 1934. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀nà ìkọ́lé tó ń gba ọwọ́ púpọ̀, bíríkì lé bíríkì, nítorí pé àìríṣẹ́ṣe pọ̀ nílùú. Karl-Marx-Hof tí wọ́n ṣí ní ọdún 1930 gùn ju kìlómítà kan lọ, ilé tó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,300, ilé ìwẹ̀, ibi ìfọṣọ, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé ìkàwé sì wà níbẹ̀ fún àwọn ará ilé. Títí di òní, nǹkan bí ilé 220,000 ṣì jẹ́ ti ìjọba ìlú Vienna, owó ilé tí wọ́n ń gbà nínú rẹ̀ sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí owó ilé lọ́dọ̀ àwọn onílé aládàáni níbẹ̀ fò kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí kò dúró kí nǹkan dẹ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá sì ń kọ́ ilé tuntun, ìgbà tí ó ṣì wà lórí ìwé ni kí a ti ṣètò bí kò ṣe ní fi iná ṣòfò. Òwú tó nípọn sí i kò fi bẹ́ẹ̀ náni lówó nígbà tí a ṣì ń gbé ògiri dìde. Ìgbà tí a bá ní kí á ya ògiri lẹ́yìn ogún ọdún ni ó ń di ìnáwó ńlá. Ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìlú kọ́ nǹkan bí ilé 100 sí òpópónà Goldsmith Street fún àwọn ayálégbé rẹ̀, lọ́nà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ooru kínún ni wọ́n nílò nígbà òtútù. Ilé ayálégbé ìjọba yìí ló gba ẹ̀bùn Stirling ní ọdún 2019, ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún iṣẹ́ ayàwòrán ilé nílẹ̀ wọn. Kò sí ìdí tí ilé mẹ̀kúnnù fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé gbàrọgùdù.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ àpò ìjọba yóò sọ: gbèsè ti pọ̀, ta ni yóò san án? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní ìfàsẹ́yìn irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, èlé orí owó tí ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń yá já wálẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ẹ̀yáwó dín lówó jù. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo. Irú ọ̀dá kan wà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tí ọjà sì ń gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ti rí lẹ́yìn tí owó epo fò sókè ní ọdún 1973. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yáwó wọ́n, ohun èlò náà sì wọ́n. Ẹ sì wò ó, owó epo àti gáàsì ló sábà máa ń dá irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ilé tí kì í fi iná ṣòfò nìkan ló sì lè dín ohun tí ará ilé nílò lára rẹ̀ kù títí lọ. Lẹ́yìn ìpayà epo yẹn náà ni Amẹ́ríkà, ní ọdún 1976, gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń tún ilé àwọn tí kò lówó ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì wà títí di òní. Níbi tí owó kò bá tó, àtúnṣe tó rọrùn nìkan ni kí a kọ́kọ́ ṣe, àjà àti làlà, kí ti ògiri àti fèrèsé tẹ̀ lé e.

Yàtọ̀ sí èyí, gbèsè ilé kò rí bíi gbèsè àríyá. Ilé náà wà níbẹ̀, ayálégbé ń san owó ilé lórí rẹ̀ fún ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Jámánì, báńkì ìjọba tí a ń pè ní KfW ti ń yá onílé lówó fún irú àtúnṣe yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn pẹ̀lú èlé kékeré. Onílé tó bá tún ilé rẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n kan, wọ́n á dárí apá kan gbèsè náà jì í, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe dára tó sì ni ìdáríjì náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìlànà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí àbájáde ni wọ́n ń sanwó fún.

Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìkánjú, nítorí ìjọba tó fẹ́ ná owó kíákíá lè fi ẹ̀mí èèyàn ṣòfò. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Ọsirélíà kéde pé òun yóò sanwó kí wọ́n tẹ́ òwú sí àjà ilé káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ilé tí wọ́n ṣe. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí sáré wọnú rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ tó gòkè àjà. Àwọn kan ń fi ìṣó onírin kan bébà onífàdákà mọ́ igi nínú àjà tí wáyà iná gbà kọjá. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló kú: iná gbé mẹ́ta, ooru inú àjà sì pa ẹnì kan. Iná tún sọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ní oṣù kejì ọdún 2010 wọ́n ti ètò náà pa lójijì, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa tipẹ́tipẹ́ sì bá a lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé dìde jábọ̀ ní ọdún 2014 pé àwọn ikú náà ṣeé dènà. Ní àkókò kan náà, orílẹ̀-èdè yìí kan náà fi owó ọ̀dá kọ́ ilé tuntun tó lé ní 19,000 fún mẹ̀kúnnù, iṣẹ́ náà sì yọrí dáadáa, nítorí pé àwọn tó mọ ilé kíkọ́ àti ilé yíyáni ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Ti Lọ́ńdọ̀nù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé alájà gogoro Grenfell Tower jẹ́ ilé ayálégbé ìjọba ìbílẹ̀. Lára àtúnṣe tó parí ní ọdún 2016, wọ́n fi ohun tó ń pa ooru mọ́ bo ara rẹ̀ níta, wọ́n sì fi páànù aláwẹ́ méjì tí ike wà láàárín rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná kan ràn mọ́ ara ilé náà, ó sì gùn ún dé òkè. Èèyàn 72 ló kú. Àwọn ayálégbé ti ń kìlọ̀ nípa ewu iná níbẹ̀ ṣáájú, a kò sì fetí sí wọn. N kò mẹ́nu ba èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àtúnṣe ilé. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé owó ayẹ̀wò wà lára owó iṣẹ́, ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wò kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí agbaṣẹ́ṣe ń sanwó fún. Ohun tí kò bá lè fara da iná kò gbọdọ̀ dé ara ilé tí èèyàn ń sùn sí, bó ti wù kó dín lówó tó. Kí a sì gbọ́ ti ẹni tó ń gbé inú ilé náà, torí òun ló mọ̀ ọ́n jù.

Yàtọ̀ sí ìkánjú, àìsàn kejì tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni kí a bẹ̀rẹ̀ lónìí kí a sì dáwọ́ dúró lọ́la. Ní ọdún 1919, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí ilé 500,000 fún àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ àti àwọn ẹbí wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ṣubú ní ọdún 1921, wọ́n gé owó náà, ilé tí wọ́n sì rí kọ́ kò tó ìdajì. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà ìfàsẹ́yìn tí àrùn kòrónà fà, wọ́n tún gbé ètò kan jáde ní England tó fẹ́ tún ilé 600,000 ṣe. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fi gba ìwé ìbéèrè, wọ́n sì tì í pa ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé tó jàǹfààní rẹ̀ kò sì tó 50,000. Kò sí oníṣòwò olóye tí yóò gba ọmọṣẹ́ ọdún mẹ́ta sílé nítorí ètò tí yóò kú láàárín oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó jẹ mọ́ ayálégbé. Bí a kò bá ṣọ́ra, àtúnṣe tó yẹ kó tù wọ́n nínú lè lé wọn jáde. Ní Jámánì, òfin gba onílé láàyè láti fi apá kan owó àtúnṣe kún owó ilé lọ́dọọdún. Ìdá 11 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, ariwo àwọn ayálégbé wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dín in kù sí ìdá 8 ní ọdún 2019. Níbi tí ìjọba bá ti gbé owó ìrànwọ́ sílẹ̀, èrò mi ni pé àfikún owó ilé kò gbọdọ̀ ju ohun tí ayálégbé jèrè lórí owó iná rẹ̀ lọ láé.

Olóòtú, nígbà tí ètò ìṣúná bá tún dé iwájú àwọn aṣòfin, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn akọ̀ròyìn yín má ṣe gbà kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àkọsílẹ̀ wà nípa ilé tí ìjọba ní, èwo ló ń jò jù nínú wọn, mélòó ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lọ́dún yìí àti lọ́dún márùn-ún sí i, ibo ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe é, ta ni yóò sì yẹ iṣẹ́ náà wò. Àkọsílẹ̀ yìí ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ọ̀dá tó dé. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, wọ́n ya bílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún ètò àtúnṣe ilé tí mo mẹ́nu bà lókè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí iṣẹ́ tó yá, nítorí wọ́n ṣì ń wá iye tó yẹ kí a máa san fún òṣìṣẹ́ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro yẹn ṣeé yanjú láìná kọ́bọ̀ kan, ní ọdún tí nǹkan ṣì dẹ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan lára àwọn òǹkàwé yín